Ìyá Mi àti Bàálù Ọ̀nà Ìrẹsà

Àbàjà tó wà lójú ìyá mi ló kó bá a. Ilà náà gún, ó tò, olóòlà tó kọ ọ́ kò kánjú rárá. Ìyá mi máa ń sọ fún wa pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, àwọn ọkùnrin tó bá wá rajà lọ́wọ́ òun ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ a máa gbàgbé ohun tí wọ́n wá rà. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín. A ò mọ̀ pé nítorí ojú kan náà ni àwọn ará ọ́fíìsì yóò fi wá a wá sí ìsọ̀, pé ojú náà ni wọn yóò mú lọ, tí wọn yóò sì fi ìyókù ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Tìmùtìmù ló ń tà, ìyẹn ìrọ̀rí awọ tí àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ń ṣe, pẹ̀lú sálúbàtà àti àpò awọ. Bàbá wa ti kú. Èmi ni àbíkẹ́yìn, mo ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo sì ń gbé. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ láyé yìí: kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Mẹ́kà kó tó kú. Bàbá wa ti fẹ́ lọ rí, ikú ò jẹ́. Ìyá mi ní òun yóò lọ fún ara òun, òun yóò sì bá ọkọ òun tọrọ àforíjì níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń tọ́jú owó rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ ibi tó ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Ó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 parí nígbà tí owó náà pé. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn pápá bàálù kéékèèké jó bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọ̀kan wà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, lójú ọ̀nà Ìrẹsà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má rò pé nǹkan bàbàrà kan ni. Ọ̀dà gbọọrọ kan ni, pẹ̀lú ilé kékeré kan tí wọ́n kùn ní funfun, òpó kan tí wọ́n so àpò aṣọ pupa mọ́ kí ẹni tó ń wa bàálù lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, àti ọgbà wáyà tí màlúù ti wó níbi púpọ̀. Wọ́n ṣe é tán, wọn ò rí ẹni wá síbẹ̀. Ta ni yóò wọ bàálù láti Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá kàn dúró ní oríta Tákíè níbẹ̀, àwọn onímọ́tò á fẹ́rẹ̀ẹ́ fa apá rẹ̀ já kí wọ́n tó gbé e lọ sí Ìbàdàn?

Ìjọba bá ní dandan ni kí gbogbo wa ti pápá náà lẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ àgbà tó bá fẹ́ lọ sípàdé ní Èkó kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ lọ mọ́. Rédíò ń pariwo rẹ̀ láàárọ̀, ó ń pariwo rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa polówó pápá bàálù lọ, wọ́n fún un ní mọ́tò, ayàwòrán àti lasipíkà. Kànga ilé ẹ̀kọ́ wa ti dí láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí ẹni tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ìyẹn.

Orin ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lórin náà, pé bàálù tiwa ti dé, ẹ wá ẹ wò ó. Lẹ́yìn orin, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ya bàálù, pé ẹ̀bùn wà fún ẹni tó bá yà á dáadáa jù. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rí bàálù nílẹ̀ rí, ni gbogbo wọn bá ya ohun tó jọ ẹja tó hu apá. Mo fún gbogbo wọn ní máàkì tó pé, nítorí èmi tí mò ń kọ́ wọn náà ò rí i nílẹ̀ rí. Ẹ̀bùn ọ̀hún kò dé títí di òní.

Ní ọdọọdún, bọ́ọ̀sì ni àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà láti Ọ̀yọ́ máa ń wọ̀ lọ sí Èkó, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ sínú bàálù ńlá. Ìyá mi ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Akẹ̀sán ṣàdéhùn bọ́ọ̀sì. Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìpolówó náà dé sọ́jà pẹ̀lú ayàwòrán. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan ni, ó wọ kóòtù nínú oòrùn, ó gbé báàgì dúdú kan há abíyá. Àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ló ń wá, ó sì ti wo ojú bí mélòó kan kó tó dé ìsọ̀ wa. Bó ṣe rí ìyá mi, ó dúró.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú síbi oòrùn díẹ̀." Ó yíjú sí ayàwòrán. "Ṣé o rí i? Ojú Ọ̀yọ́ gan-an nìyí. Ẹni tó bá rí ojú yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, á mọ̀ pé tiwa ni bàálù náà."

Ó wá ṣàlàyé. Ìgbìmọ̀ fẹ́ mú díẹ̀ nínú àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, kí wọ́n gbéra láti pápá ọ̀nà Ìrẹsà dé Èkó, kí gbogbo ayé lè rí i.

"Bàálù yẹn dé Mẹ́kà ni?" ìyá mi bi í.

"Ó dé Èkó, Màmá. Ẹ ó bọ́ sínú ńlá níbẹ̀. Àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì á ṣì wà nínú gósílóò, ẹ̀yin á ti fẹ̀yìn lélẹ̀."

"Èmi ti bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì o, ọmọ mi."

"Màmá, ìjọba ló ń pè yín yìí."

Obìnrin tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ nísọ̀ kejì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún jù ú lọ. "Ẹ dìde o, Màmá! Ìjọba ò wá sí Akẹ̀sán rí àfi tó bá fẹ́ gba owó orí. Bó bá wá gbé bàálù wá lónìí, ẹ má jẹ́ kó gbé e padà!" Gbogbo ọjà pariwo. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. N kò lè bá a wí. Ta ni wọ́n máa pọ́n lé báyẹn láàárín ẹgbẹ́ tí kò ní gbà?

Mo ní láti sọ bí a ti ń ṣe é ládùúgbò wa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà kì í kàn di ẹrù kó máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ lọ láti ilé dé ilé, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀, kó sì forí ji ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, nítorí ẹni tó lọ ò mọ̀ bóyá òun á bọ̀. Ìyá mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti kékeré mi, ó kúnlẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn á wá rán ọ níṣẹ́ àdúà. Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ò yá, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò bọ̀ láti ìdálẹ̀, wọ́n á fi ẹnu sí ọ létí, wọ́n á ní kí o bá àwọn wí i lórí òkè Áráfà. Ìyá mi kò mọ̀wé. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ ló fi ń rántí, ó ń fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí kóró kan, ó sì ń kà wọ́n láràárọ̀ kí wọ́n má baà bọ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ onílẹ̀kẹ̀ ló fi ẹnu sí i létí kẹ́yìn. Gbogbo ọjà mọ ohun tó fẹ́ tọrọ. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò gbé ọmọ pọ̀n rí.

Ohun tó le jù níbẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá ti sìn ọ́ jáde, tí àáfà ti ṣàdúà lé ọ lórí, o ò gbọdọ̀ yọjú sílé mọ́ títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò fi dé. Bí o bá gbàgbé nǹkan, ẹlòmíràn ni yóò wá mú un. Ẹni tó bá padà wọlé, wọ́n gbà pé Ọlọ́run ló dá a padà, pé ó ní ohun tó fi ara pamọ́ ṣe. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa padà wá nítorí àìsàn nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n fi orúkọ kan pè é títí ó fi kú, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì ti ṣáájú lọ. Lọ́jọ́ tiwa, gbogbo Akẹ̀sán ló sin ìyá mi jáde. Èmi àti òun wọ mọ́tò ìgbìmọ̀ lọ sí pápá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Ìrẹsà, tí a ń pè ní Ìyá Ìrẹsà, ti dé síbẹ̀ ṣáájú wa, ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní. Wọ́n ti ta kánópì. Kò sí àga nínú ilé funfun náà, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti yá a. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń lé màlúù kúrò lórí ọ̀dà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tò, wọ́n ń kọ orin tí èmi náà fi kọ́ àwọn tèmi. Tọkọtaya arúgbó kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ náà wà pẹ̀lú wa, wọ́n jókòó lórí ẹrù wọn, àwọn náà ń lọ sí Mẹ́kà.

Bàálù dé. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, ó wù mí. Ó kéré, ó funfun, ó sì balẹ̀ wẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀gá ọ̀gá bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló sọ pé bàálù ni yóò sọ ìpínlẹ̀ wa di ńlá. Akọ̀wé wá bá àwọn arìnrìn-àjò.

"Ẹ kó pásípọ́ọ̀tù yín wá, kí n bá yín tọ́jú rẹ̀ sójú kan, kó má lọ sọnù." Wọ́n kó o fún un. Ó kó o sínú báàgì dúdú.

Ó wá mú ìyá mi lọ sídìí àtẹ̀gùn bàálù. "Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹ di irin mú. Ẹ juwọ́ sí wa. Ẹ rẹ́rìn-ín, Màmá, ẹ̀ ń lọ sí Mẹ́kà!" Ayàwòrán yà á. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún gùn ún, pé oòrùn ò tíì dáa. Ó sọ̀, ó tún gùn ún. Láwàní funfun tó wé tàn yinrin. N kò rí ìyá mi kó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé di apá rẹ̀ mú jẹ́jẹ́.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, Màmá. Àwọn ọ̀gá ní ìpàdé nírọ̀lẹ́ yìí. Bàálù á lọ gbé wọn sílẹ̀, á padà wá gbé yín. Kò ní pẹ́."

Òun náà gun àtẹ̀gùn náà, tòun ti báàgì dúdú abíyá rẹ̀. Ilẹ̀kùn tì. Bàálù sáré, ó gbéra, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì juwọ́ sí i títí ojú wọn kò fi rí i mọ́.

A jókòó. Mọ́tò ilé ẹ̀kọ́ dé, wọ́n ní kí a dìde, wọ́n fẹ́ kó àga wọn. Wọ́n tú kánópì. Òjò ṣú. Màlúù padà sórí ọ̀dà, kò sí ẹni tó lé wọn mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, tọkọtaya arúgbó náà gbé ẹrù wọn, wọ́n lọ sílé ọmọ wọn, pé àwọn ó padà láàárọ̀. Ìyá mi kò lè padà sí Ọ̀yọ́, àṣà kò gbà á. Ilé Ìyá Ìrẹsà ni a lọ.

Ọjọ́ kejì, bàálù kò dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé funfun náà, ó ń sọ fún wa pé ojú ọ̀run ò dáa, ìgbà míì ó ní epo ni wọ́n ń wá. Mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ní akọ̀wé wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó. Mo ní kí ọkùnrin ilé funfun sọ ibi tí akọ̀wé wà ní Èkó fún wa, ká wọ mọ́tò lọ bá a. Ó wo ojú mi bí ẹni pé mo bú u.

"Àǹtí, tí wọ́n bá gba orí ilẹ̀ lọ, kí la máa wí fún gómìnà? Rédíò ti sọ pé wọ́n ti lọ."

Irọ́ ni mo pè é. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a jókòó síwájú ilé Ìyá Ìrẹsà, à ń bó ẹ̀gẹ́, rédíò rẹ̀ wà lórí àpótí. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn àkọ́kọ́ nínú àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ti gbéra láti pápá bàálù tiwa, pé pẹ̀lú ayọ̀ ni wọ́n fi lọ, pé ìyá àgbà kan láti Ọ̀yọ́ ṣàdúà fún ìjọba kó tó wọlé. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ó gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀, lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

"Èwo ni mo wá ń ṣe níbí?" ó ní. Ìyá Ìrẹsà pa rédíò náà.

Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, mọ́tò ìjọba kan wá sí Ìrẹsà. Dírẹ́bà nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ tọkọtaya arúgbó náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó mú pásípọ́ọ̀tù ìyá mi wá nínú àpò ìwé, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ọmọlúàbí ni tirẹ̀. Bàálù tó kẹ́yìn ti kúrò ní Èkó. "Akọ̀wé ní kí ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n ní ó di àmọ́dún, ìn ṣá Álà." Wọ́n dá owó náà padà nígbà tó yá, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣé owó nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Inú bí mi. Mo ṣépè. Mo ṣépè fún akọ̀wé, mo ṣépè fún ayàwòrán, mo ṣépè fún ẹni tó kọ́kọ́ ronú pé ó yẹ kí bàálù dé ibẹ̀. Ìyá mi ní kí n dákẹ́.

"Mo forí ji gbogbo ayé kí n tó kúrò nílé," ó ní. "Àwọn wọ̀nyí ni n kò mọ̀ bóyá wọ́n wà nínú rẹ̀. N kò tíì mọ̀ wọ́n nígbà yẹn."

Ìyá Ìrẹsà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká padà sí Ọ̀yọ́, ká sọ bó ṣe jẹ́. Ó kọ̀. Ó ní wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ bàálù, wọ́n á kàn rí i pé òun padà. Ló bá dúró sí Ìrẹsà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ní Ọ̀yọ́. Èmi ń padà lọ kọ́ àwọn ọmọ, mo ń wá bá a bí ìsinmi bá dé. Nígbà òjò, ilẹ̀ kì í gbẹ, ọ̀dà bàálù nìkan ló ń gbẹ. Àwọn obìnrin Ìrẹsà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá láfún wọn sí. Ìyá mi ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí láfún lórí ibi tí wọ́n ní bàálù rẹ̀ yóò ti gbéra. Bí ọkọ̀ òfurufú kan bá ń kọjá lókè réré, yóò gbójú sókè. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí tí pápá náà ṣe fún ẹnikẹ́ni ni iṣẹ́ láfún yẹn, ìjọba ò sì polówó rẹ̀ lórí rédíò.

Ọjọ́ Áráfà dé, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, tí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà ń dúró ṣàdúà lórí òkè náà. Ìyá mi wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun tó rà fún Mẹ́kà, ó ní kí n sin òun lọ sí pápá. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó dúró lórí ọ̀dà, ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde. Inú ń bí mi.

"Màmá, ọ̀nà bàálù nìyí o. Ibí kì í ṣe Áráfà."

"Mo mọ̀. Ojú mi ò fọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n rán mi níṣẹ́, iṣẹ́ náà ò ní kú sí mi lọ́wọ́."

Ó dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ó ń fa kóró, ó ń wí tẹni kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ gbogbo Ọjà Akẹ̀sán lẹ́nu ìyá mi lọ́jọ́ náà, àìsàn wọn, ọkọ wọn, ọmọ wọn, ohun tí wọn ò lè sọ síta. Nígbà tó kan ọ̀rẹ́ rẹ̀ onílẹ̀kẹ̀, ó kúnlẹ̀. Màlúù kan wá ń fi ẹnu wá láfún tó kù sílẹ̀ nítòsí rẹ̀, kò sì lé e.

A gbọ́ pé àwọn tó lọ ti ń dé. Ìyá mi ní ó tó àkókò kí òun náà lọ sílé. Ó ti pinnu. Ó ní bí òun bá ti dé ọjà, òun á jókòó, òun á sọ ọ́ fún gbogbo wọn pé òun kò dé ibẹ̀, kí wọ́n ṣe òun bí wọ́n bá ṣe fẹ́. A dé Tákíè láti wọ mọ́tò. Lára ògiri kan níbẹ̀, mo rí ìyá mi. Àwòrán náà tóbi ju ilẹ̀kùn ilé wa lọ. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń juwọ́, àbàjà rẹ̀ hàn ketekete. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ÀLÀÁJÀ TI GBÉRA. ÌWỌ ŃKỌ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì tó ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sí nínú àwòrán, wọ́n ti gé ibẹ̀ kúrò. Àwọn tó ń tajà nítòsí wo ògiri, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. "Àlàájà! Àlàájà ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà!" Ó fi gèlè bojú, ó wọ mọ́tò.

Irú àwòrán yẹn ló wà lára ògiri Akẹ̀sán pẹ̀lú. Ìyá mi kò wò ó. Ó kọrí sí ìsọ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin yí i ká, ó ní kí wọ́n jókòó, òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó la ẹnu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ onílẹ̀kẹ̀ ti já èrò náà kọjá, ó wó lulẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ mú.

"Àlàájà, ó gbà! Àdúà yín gbà! N kò rí nǹkan oṣù mi lóṣù yìí. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò lọ́sibítù. Ẹ̀yin lẹ bá mi débẹ̀, Àlàájà mi!"

Ọjà dàrú. Wọ́n ń ké Álàhù Ákíbà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ ìyá mi. Mo rí ọ̀rọ̀ náà lọ́fun rẹ̀. Mo rí bó ṣe padà sísàlẹ̀. Báwo lo ṣe máa sọ fún irú obìnrin yẹn pé orí láfún ni a ti tọrọ ọmọ rẹ̀? Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ọlọ́run ló gbọ́," ó ní. "Èmi kọ́. Ọlọ́run ló gbọ́." Òtítọ́ sì ni.

Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn ló ń bá a pa á. Nígbà tí wọ́n béèrè omi sámúsámù tí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà máa ń gbé bọ̀, àwọn fúnra wọn ló dá ara wọn lóhùn pé ẹrù rẹ̀ á ṣì wà lọ́nà. Ṣé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ ni wọ́n wí. Lọ́jọ́ kan, ó mú àdá lọ sídìí ògiri, ó fi ha àwòrán náà kúrò lójú gbogbo ọjà. Inú wọn dùn. Wọ́n ní ẹ wo Àlàájà wa, kò fẹ́ ṣe fáàrí. Kò pẹ́, ìgbìmọ̀ lẹ òmíràn mọ́ ibẹ̀.

Àmọ́dún tí akọ̀wé wí dé. Ìgbìmọ̀ ti túká, kò sí ẹni tó mọ ibi tí báàgì dúdú wà. Bọ́ọ̀sì gbéra bó ṣe máa ń gbéra. Ìyá mi ní owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹnu bà á pé òun fẹ́ lọ, wọ́n ní Àlàájà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò lọ rí ráyè. Àwọn ọmọ rẹ̀ àgbà, tí a kò sọ fún, ní kó fi owó náà tún òrùlé ṣe. Ó wo ojú mi. Mo ní kó jẹ́ ká sọ ọ́. Ọmọ jòjòló ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lórí ẹní láàárín ìsọ̀ méjèèjì nígbà náà, ìyá mi gbé e sórí ẹsẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́. Bí ẹnì kan bá pè é ní Àlàájà, yóò jẹ́ e, ojú rẹ̀ yóò sì rẹ̀wẹ̀sì. Èmi nìkan ni mo ń rí i.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, kí àwọn bọ́ọ̀sì mìíràn tó tún gbéra. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ibojì, àáfà ń ké Àlàájà nínú àdúà, gbogbo èèyàn ń ṣe àmín. Mo la ẹnu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ onílẹ̀kẹ̀ dúró níwájú mi, òun ló ń sunkún jù, ọmọ náà sùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Àwọn agbẹ́lẹ̀ méjì bọ́ sínú ihò, wọ́n gba ìyá mi lọ́wọ́ wa, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n sì yí ojú rẹ̀ sí Mẹ́kà. Àwọn tó ní àwọn máa gbé e débẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí tí kò ṣèlérí kankan nìkan ló kọjú rẹ̀ síbẹ̀.